Máṣíìnì Tí Kò Fẹ́ràn Gàmbàrí

Tí ẹ bá ti rí ẹni tó ń fa àgbò Iléyá tí kò fẹ́ wọlé rí, ẹ ti rí bí Ààfáà Abdulfattah ṣe máa ń ti máṣíìnì rẹ̀ bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bilal, mẹkáníìkì kan ní Challenge, ní Ìlọrin. Òógùn á bo ojú, láwàní á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, jàlábíà funfun á ti kó eruku. Ìgbà àkọ́kọ́, Bilal tún máṣíìnì náà ṣe, ó padà wá. Ìgbà kejì, ó tún un ṣe, ó fi Ọlọ́hun búra pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó tún padà wá. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn mẹkáníìkì tó kù ní Challenge kì í kí Bilal ní "ẹ kú iṣẹ́" mọ́. "Ẹ kú ìpàdàbọ̀" ni wọ́n ń kí i.

Ká ní máṣíìnì ẹlòmíràn ni, kí ló kan ẹnikẹ́ni? Mẹkáníìkì wo ni oníbàárà kì í padà wá bá jà? Ṣùgbọ́n Ààfáà yìí kì í ṣe oníbàárà lásán. Òun ni bàbá Safiyat. Safiyat yìí sì ni Bilal ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹ débi pé ó lè máa nu sípánà kan ṣoṣo láti àárọ̀ di ọ̀sán, kó má mọ̀ pé òun ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́.

Nígbà tí ẹbí Bilal lọ tọrọ ọmọ, Ààfáà gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó fi wàrà tútù ṣe wọ́n lálejò, ó ṣàdúà fún wọn títí ọrùn fi ń ro àwọn tó tẹríba. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín ná. Máṣíìnì mi kan wà níta yẹn tó ń ṣe ségesège. Kó bá mi tún un ṣe." Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èyí náà lọ̀rọ̀? Wọn ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ gbọ́ irú àìsàn tó ń ṣe máṣíìnì ọ̀hún ná. Tí Ààfáà bá gùn ún lọ sí Basin, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní kéwú nírọ̀lẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Á máa lọ geere, á máa kùn bí ológbò tó yó. Tó bá gba Challenge kọjá, láàárín ariwo mọ́tò àti àwọn tó ń já lu ara wọn, kò ní ṣe bí ẹni fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n kó sáà ti wọ Gàmbàrí, àdúgbò tí wọ́n bí Ààfáà sí, tí ilé àti ilé-kéwú rẹ̀ wà, á húkọ́, á tún húkọ́, á sì kú pátápátá sáàárín ọ̀nà.

"Bilal," Ààfáà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì ṣe é bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, "máṣíìnì yìí kò fẹ́ràn Gàmbàrí."

Talatu wà níbẹ̀, ẹni tó ń dín mọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ Talatu tí kì í bù nínú rẹ̀. "Ẹ̀yin Ààfáà," ló wí, "Gàmbàrí ni bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ṣé ti àdúgbò lẹ̀ ń wí ni, àbí ó kórìíra èmi náà?"

Ẹ má rò pé Bilal ò mọ iṣẹ́ o. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti fọ kàbúrétọ̀, ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti yọ ọ̀pá epo, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ojú rẹ̀ fi ń yí. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń gùn ún lọ tẹ́ẹ̀sì. Láti Challenge dé Gàmbàrí, á yí gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀ po, á kọjá níwájú ilé Ààfáà, á wo fèrèsé bóyá Safiyat ń wòta, á padà. Máṣíìnì ò ní húkọ́ rárá. Wàláhì, bí ẹ bá rí i bó ṣe ń sáré, ẹ ó ní àná ni wọ́n gbé e dé.

Ohun kan ṣoṣo ni Bilal ò tíì ṣe. Kò tíì jókòó sẹ́yìn Ààfáà kó fojú ara rẹ̀ rí bí ó ṣe ń kú. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí bàbá ìyàwó máa gbé ọkọ ọmọ rẹ̀ kiri ìlú lórí máṣíìnì, kí ọkọ ọmọ jókòó sẹ́yìn bí ọba? Àna tó yẹ kéèyàn dọ̀bálẹ̀ fún, tó yẹ kéèyàn bá gbẹ́rù! Èrò yẹn ò tilẹ̀ wá sí Bilal lọ́kàn. Ká ní ó wá, ì bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀, Safiyat pè é lórí fóònù.

"Bilal, ṣé máṣíìnì bàbá mi lò ń tún ṣe, àbí ìgbéyàwó wa lò ń bàjẹ́?"

"Safi, kò sí nǹkan tó ṣe máṣíìnì yẹn. Mo ti yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò."

"Tí kò bá sí nǹkan tó ṣe é, kí ló ń pa á?"

Ohùn Safiyat wá rọlẹ̀. "Bàbá ní àwọn máa wá lọ́la. Wọ́n ní tó bá tún fi lè kú mọ́ àwọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tiwa di ẹ̀yìn Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Èmi ò lè dúró dìgbà yẹn o, Bilal. Mo ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi."

Ìdùnnú àti ìbẹ̀rù jọ dé bá Bilal lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Iléyá ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kan rèé, ọmọ náà rẹwà, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí ìdánilójú pé ẹlòmíràn tí kò ní máṣíìnì kankan láti tún ṣe kò ní yọjú. Lójú orun, máṣíìnì ni Bilal ń tì kiri títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ààfáà dé láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkùnrin ńlá ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Tó bá kí yín ní ìta, ẹni tó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún á dáhùn. "Àsàláámù àlékùm, ẹ̀yin ọmọ mi!" Bilal ti wà nílẹ̀ gbalaja kó tó sọ ọ́ tán, ó dojú bolẹ̀ lórí epo dúdú tó ti dà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Dìde, dìde. Ó ti ṣe?"

"Ó ti ṣe, Bàbá. Mo tún kàbúrétọ̀ fọ̀, mo wá dín sílóò ẹ̀ kù díẹ̀ kó má baà máa jẹ epo. Mo ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yìí. Kò kú."

Sílóò yìí ni èémí tí máṣíìnì fi ń mí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá fún un ní iná pé kó sáré. Gbogbo mẹkáníìkì ló máa ń fi sùkúrù kékeré kan dín in kù fún oníbàárà tí wọ́n bá fẹ́ràn, kí epo rẹ̀ lè pẹ́. Bilal sì fẹ́ràn oníbàárà yìí dáadáa. Gbogbo ìgbà tó bá tún máṣíìnì náà ṣe ló ń dín in kù sí i.

"Kì í kú mọ́ ọ lọ́wọ́," Ààfáà dáhùn. "Èmi ló ń kú mọ́ lọ́wọ́."

"Ẹ̀yin Ààfáà," Talatu wí láti ìdí apẹ, "ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ni kò fẹ́ràn. Gàmbàrí ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ààfáà rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kìlọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bilal. "Ó dáa. Lónìí, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Èmi ni n ó wà á. Ìwọ á jókòó sẹ́yìn."

"Háà! Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wà á, kí n gbé yín."

"Tó o bá wà á, kò ní kú. Ẹni tó ń kú mọ́ lọ́wọ́ ló yẹ kó wà á."

"Bàbá, ẹ̀yìn yín kọ́ ló yẹ kí n wà. Ẹ… ẹ jẹ́ kí n máa sáré tẹ̀lé yín."

"Láti ibí dé Gàmbàrí?" Talatu bú sẹ́rìn-ín, mọ́sà kan sì jóná níbẹ̀. "Ọkọ ìyàwó elérè ìje!"

"Mo ní kó o gùn ún," Ààfáà wí, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. "Tó bá dé iwájú ilé mi láìkú, mo ti mọ ohun tí n ó ránṣẹ́ sáwọn ẹbí rẹ. Tó bá kú lọ́nà, n ó gbà pé ọwọ́ rẹ ò tíì gbó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì gbó, kó ṣe sùúrù dẹ̀yìn Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ààfáà ta máṣíìnì ní kíkì, ó jí. Bilal gùn ún bí ẹni ń gun orí ẹní tí wọ́n to ẹyin sí. Kò jẹ́ di Ààfáà mú níbàdí, ta ló bí i dáadáa? Irin ẹ̀yìn ló dì mú, ó sì sún sẹ́yìn débi pé ìdajì ìdí rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń yọ sí títì, àwọn ọlọ́kadà tó mọ̀ ọ́n rí i, wọ́n hó yèè. "Ẹ wá wò ó o! Wọ́n ń gbé ọkọ ìyàwó lọ ilé ìyàwó!" Bilal tẹ orí ba. Ì bá ṣeé ṣe, ì bá kó sínú àpò ara rẹ̀.

Títì ńlá dùn ún gùn. Bilal pa ọ̀nà tì, etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ìyá ṣe ń gbọ́ èémí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Kò sí nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ já gaara. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá Ọlọ́hun ti gbọ́ àdúà òun.

Wọ́n wọ Gàmbàrí. Ọ̀nà dín, ilé fara ti ilé, àwọn èèyàn jókòó síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì àti ẹní. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí wọn ni Mahmud tó ń rán fìlà, ó gbójú sókè lórí abẹ́rẹ́.

"Àsàláámù àlékùm, Ààfáà!"

Ọwọ́ ọ̀tún Ààfáà gòkè lọ. Kì í ṣe ìka kan, kì í ṣe ìdajì. Gbogbo rẹ̀ ló gbé sókè, àtẹ́lẹwọ́ ṣí sílẹ̀, apá jàlábíà ń fẹ́ lẹ́lẹ́. "Wàálékúmú sàlámù, Mahmud! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ìyá wa ńkọ́, ṣé ó ti ń fà díẹ̀díẹ̀? Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i!"

Tú. Tú-tú. Tú.

Ààfáà sọ ọwọ́ kalẹ̀ wàrà, ó fún máṣíìnì ní iná, ó sì ta jí. "Ṣé o gbọ́ ọ?" ló pariwo sẹ́yìn. "A ò tíì wọ àdúgbò tán tó ti bẹ̀rẹ̀!"

Ọwọ́ Ààfáà ni Bilal ń wò. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni. Subuhánállà! Ṣé ohun tí a ti ń wá lọ sí Sókótó láti ọjọ́ yìí wá nìyí, nínú ṣòkòtò?

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fún máṣíìnì ní iná. Ọwọ́ ọ̀tún kan náà la fi ń kí èèyàn. Bí Ààfáà bá ti gbé e sókè, iná á padà sílé, gíà gíga á sì wà níbẹ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ní Challenge, ta ló ráyè kí ẹnikẹ́ni? Ní Basin, inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa ni àwọn èèyàn ń gbà kọjá. Gàmbàrí ni wọ́n ti mọ Ààfáà, Gàmbàrí ni wọ́n ti ń kí i ní ilé méjì méjì, kíkí ibẹ̀ kì í sì í ṣe kíkí oréfèé, a gbọ́dọ̀ bèèrè ẹsẹ̀ ìyá. Bilal ní tiẹ̀, ọmọdé ni, ẹnu ló fi ń kí àwọn àgbà bó bá ń kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò níbi iná. Kí Ààfáà wá fi ọwọ́ òsì kí wọn ńkọ́? Ẹ dákẹ́. Ààfáà tó bá na ọwọ́ òsì sí ọmọlúàbí ní Ìlọrin, ọjọ́ yẹn ló máa ṣàlàyé ara ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ baálé ilé.

Inú Bilal dùn, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sunkún. Ó ti rí àrùn, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Ṣé kó sọ fún bàbá ìyàwó lójú gbogbo àdúgbò pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á"? Irú ẹnu wo nìyẹn? Tó bá sì dákẹ́, máṣíìnì á kú, Safiyat á di ẹ̀yìn Iléyá.

Níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá kan wà tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí ní òwúrọ̀. Wọ́n kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀kan ti ń gbé ọ̀pá sókè. "Ààfáà wa! Àsàláámù àlékùm o!"

Ọwọ́ ọ̀tún Ààfáà tún gòkè lọ.

Tú. Tú-tú.

Ọwọ́ Bilal lọ kí Bilal tó mọ̀. Ó gba abẹ́ apá Ààfáà kọjá, ó wọ abẹ́ jàlábíà bí ẹni ń ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì gbá ọwọ́ máṣíìnì mú lápá ọ̀tún, ó rọra fún un ní iná. Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀, ó dúró ṣinṣin.

Ààfáà ò mọ nǹkan kan. Ó gbọ́ pé máṣíìnì ò húkọ́, inú rẹ̀ dùn, kíkí rẹ̀ wá gùn sí i. Ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè oko, ó bèèrè àgùntàn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń darí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣàdúà, ọwọ́ Bilal tó dúdú fún epo sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ilé kan, wọ́n kí i. Ilé kejì, wọ́n kí i. Àwọn obìnrin tó ń fẹ́ ìrẹsì nù níwájú ilé kẹta tilẹ̀ rí ọwọ́ mẹ́ta níwájú Ààfáà, wọ́n sì wo ara wọn.

"Bilal!" Ààfáà pariwo ayọ̀. "O ti ṣe é! Màṣáállà! Ó ti fẹ́ràn Gàmbàrí!"

Ó wá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kó fún un ní iná. Irin kọ́ ló bá níbẹ̀. Ẹran ara ló bá.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Ó fẹ́ tẹ bíréèkì. Wọ́n ti dé iwájú ilé rẹ̀ gan-an, ó ku díẹ̀ kí wọ́n kan ẹnu ọ̀nà. Bilal mọ̀ pé bó bá dúró lójijì báyìí, máṣíìnì á kú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́: "Ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú! Bàbá, ẹ má jẹ́ kó kú!"

Ààfáà tí ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún ní àdúgbò náà, ó di kílọ́ọ̀ṣì mú wàrà. Máṣíìnì yọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ṣì ń mí. Ààfáà wà lókè, Bilal wà lẹ́yìn, ọwọ́ kan wà lórí ọwọ́ kejì. Safiyat jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó rí wọn.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀," Ààfáà wí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá inú ń bí i. "Bilal, ṣàlàyé."

Bilal bọ́ sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ… ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé Mahmud ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín."

Ààfáà gbé ọwọ́ sókè. Tú. Tú-tú.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Máṣíìnì ta jí.

"Ẹ tún gbé e sókè."

Tú. Tú.

Ààfáà sọ ọwọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kẹ́nikẹ́ni tó sọ fún un. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tí kò rí i rí. Ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, ó wo ilé Mahmud, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn àgbà. "Subuhánállà," ló wí jẹ́jẹ́, ohùn ńlá náà sì kéré fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ṣé gbogbo bí mo ṣe ń ti máṣíìnì yìí kiri nínú oòrùn, èmi náà ni mo ń pa á?"

Safiyat ti fi ìgbálẹ̀ bo ẹnu. Ojú Bilal lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó tún padà sọ́dọ̀ Ààfáà, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ báyìí ló máa gbé òun lọ tàbí gbé òun bọ̀.

"Ẹ ò pa á, Bàbá," ló wí. "Èèyàn lẹ̀ ń kí. Máṣíìnì ni ò lẹ́kọ̀ọ́."

Ara Ààfáà bẹ̀rẹ̀ sí í mì láti ejìká, ó dé ikùn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ débi pé àwọn àgbà tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn kí ló ṣẹlẹ̀. Láwàní tú. Ó fi etí láwàní nu omi ojú. "Kò lẹ́kọ̀ọ́! Ó dáa, ìwọ náà kọ́ ọ. Kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kí n rí i."

"Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo ń dín sílóò ẹ̀ kù nígbàkigbà tí mo bá tún un ṣe, mo rò pé epo ni mò ń bá yín tọ́jú." Bilal fa sùkúdíráfà yọ lápò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá sùkúrù kékeré náà, ó yí i sókè díẹ̀. Èémí máṣíìnì gòkè. Ó tún yí i díẹ̀ sí i, ó tẹ́tí, ó yọwọ́. "Ẹ bá wa gùn ún, Bàbá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bèèrè ẹsẹ̀ ìyá ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bọ́ sí gíà kékeré."

Ààfáà nìkan ló lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó lọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè. Ó kí Mahmud, ó kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí àwọn tó ń fẹ́ ìrẹsì, ó kí ẹni tí kò kí i. Ewúrẹ́ kan dúró lọ́nà, ó kí òun náà. Gbogbo Gàmbàrí ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ máṣíìnì lábẹ́ ohùn náà, tó ń kùn lọ láìdúró. Bilal dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Safiyat, wọn ò wo ara wọn nítorí àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n Safiyat ń fi ìgbálẹ̀ gbá ibì kan ṣoṣo, ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Tó bá kú ńkọ́?" ló bi í lábẹ́ ahọ́n.

"Kò ní kú."

"Lára ta lo ti rí ìdánilójú yẹn?"

"O ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ."

Ààfáà yí padà, ó dé, máṣíìnì ṣì ń mí. "Bá mi dì í mú kí n sọ̀ kalẹ̀," ló wí, Bilal sì fi ọwọ́ méjèèjì di máṣíìnì mú gírígírí. Ààfáà sọ̀ kalẹ̀, ó tún láwàní rẹ̀ wé, kò kánjú. Ó wo ọmọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ọwọ́ dúdú méjì tó wà lára irin.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," Ààfáà wí, "tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tó di iná mú fún mi lábẹ́ aṣọ kí ojú má tì mí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, tí kò sì pariwo, ọwọ́ yẹn ti gbó. Sọ fáwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá, ká mú ọjọ́ yìgì."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Bilal rántí pé òun di nǹkan mú. Ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe ló ṣe. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àna rẹ̀.

Gbì! Máṣíìnì náà ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Bilal ò lè gbórí sókè, ìtìjú ti dè é mọ́lẹ̀. Safiyat ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ má wo Bilal nìkan o," ló wí. "Máṣíìnì náà dọ̀bálẹ̀. Ẹ dá àwọn méjèèjì lóhùn."

Ààfáà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Máṣíìnì wà ní ìdùbúlẹ̀ níbẹ̀ nínú eruku Gàmbàrí, ó ń kùn, kò sì kú.